Eruku tó ń ṣù jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: èwo ni kẹ́ ẹ fi kó o?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe eruku lẹ́búlẹ́bú bí irú èyí tó máa ń wà lórí tábìlì. Ó ti ṣù jọ, ó ní àwọ̀ eérú, tẹ́ ẹ bá sì ṣílẹ̀kùn lójijì, á yí gbirigbiri lọ sẹ́yìn ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka fà á ya. Kò ní tètè ya, torí pé irun ló so ó pọ̀: irun orí gígùn tó ti lọ́ mọ́ra wọn, fọ́nrán òwú tó já lára aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, okùn aláǹtakùn. Àárín ìwọ̀nyí ni èépá ara wa há sí, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí bàtà kó wọlé, nígbà míì ẹ tún lè bá apá kòkòrò tó ti kú tipẹ́ níbẹ̀.

Irun orí tó ń já lára ẹnì kan lóòjọ́ tó nǹkan bí 50 sí 100, nítorí náà kò sí ilé tí èèyàn ń gbé tí kò ní i. Atẹ́gùn ẹsẹ̀ wa, ti fáànù àti ti ilẹ̀kùn ló ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí ẹsẹ̀ kì í dé. Bí wọ́n ṣe ń fara ra ara wọn níbẹ̀ ni agbára iná díẹ̀, irú èyí tó máa ń mú kí irun apá dìde nígbà tá a bá ń bọ́ aṣọ polyester, á mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀kan á di méjì, kékeré á di ńlá.

Ìṣù eruku fúnra rẹ̀ tóbi ju ohun tó lè wọ imú lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Kòkòrò tíńtínní kan wà tó ń gbé inú eruku ilé, gígùn rẹ̀ kò ju 0.2 sí 0.3 mílímítà lọ, èépá ara wa ló sì ń jẹ. Ìgbẹ́ kòkòrò yìí ló sábà máa ń mú kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ eruku máa sín, kí ojú máa yún un, tàbí kí ikọ́ fée rẹ̀ dìde. Bí ìṣù náà bá ṣì wà ní odindi, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ yìí ló há sínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú u ká ló tú u sáfẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka agbára ohun èlò sí bàbàrà. Ohun tí mo ń wò ni bóyá ó lè mú ìṣù náà lódindi, kó sì dì í mú títí ẹ ó fi dà á nù.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí

Gíga àlàfo tó wà lábẹ́ àga tàbí bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ṣáájú, ó tilẹ̀ ṣáájú owó. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, láti ilẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Pákó ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju àárín rẹ̀ lọ, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò tí wọ́n fi ń ra ohun tí kò lè wọlé. Tí àlàfo náà kò bá tó 5 sẹ̀ǹtímítà, ohun pẹlẹbẹ nìkan ló lè dé ibẹ̀. Tó bá ti lé ní 10, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dá gbálẹ̀ àti orí púpọ̀ nínú fákúùmù, ẹ̀rọ oníná tó ń fa eruku, á rí ọ̀nà. Tó bá wá lé ní 15, kò sí ohun tí kò lè wọ̀ ọ́, ọwọ́ ẹni pàápàá á wọ̀ ọ́.

Ìkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Orí táìlì, pákó àti lẹ́dà ilẹ̀ ni eruku ti ń yí tó sì ń ṣù. Kápẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kó yí, àárín irun rẹ̀ ló ń gbé e pa mọ́ sí. Ẹni tó ní kápẹ́ẹ̀tì tí kò rí ìṣù kankan kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn sọ pé eruku kò sí nílé òun.

Ẹ wo owó náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi rà á nìkan. Ohun tẹ́ ẹ ó máa rà sí i lẹ́yìn náà ńkọ́: àpò, asẹ́, bátìrì, aṣọ tí a ń lò tí a ń jù nù? Lẹ́yìn ìyẹn ni ara yín: ẹ̀yìn tó ń roni, orúnkún tí kò fẹ́ ká kúnlẹ̀, ọmọ tó ń sín ní gbogbo òru.

Ìgbálẹ̀

Kò sí ohun tó dínwó tó o. Kì í bàjẹ́, kò nílò iná, ó wà nílẹ̀ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ni mo tò ó sí.

Ìdí kan ni pé bí a ṣe ń gbálẹ̀, a máa ń fì í sókè ní ìparí ìgbá kọ̀ọ̀kan, fífì yẹn gan-an ló ń tú ìṣù ká. Èyí tó tóbi á jáde, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á gbéra, á fò yíká yàrá, á sì padà wá sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ìdí kejì ni orí ìgbálẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn: ó nípọn, tí àlàfo bá rẹlẹ̀, igi rẹ̀ á kọ́ pákó bẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀nba etí ibẹ̀ lẹ máa gbá. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ kúkúrú máa ń wọlé jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà lélẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ògiri.

Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa fáànù, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ojú ìgbálẹ̀ kó lè rọ̀, kẹ́ ẹ wá máa fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìgbé e kúrò nílẹ̀. Ó máa ń yàtọ̀ gan-an sí gbígbá gbàrà-gbàrà.

Mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ àti aṣọ microfibre

Èyí ni mo fara mọ́ jù fún ọ̀pọ̀ ilé, mi ò sì ní fi bò.

Mọ́ọ̀pù tí mò ń wí kọ́ ni olókùn tí a ń rì bọ korobá. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ní ọ̀pá gígùn, tí a ń fi aṣọ bò lábẹ́. Ọrùn rẹ̀ ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, nítorí náà ọ̀pá lè sùn gbalaja sílẹ̀ kí pátákó sì máa lọ títí dé ògiri. Òmíràn kò ga ju 3 tàbí 4 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kò sí fákúùmù púpọ̀ tó lè bá a dé ibẹ̀.

Aṣọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Microfibre jẹ́ fọ́nrán polyester àti polyamide tó tinrín ju irun orí èèyàn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Tí a bá fà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń ní agbára iná díẹ̀ nínú bíi ti èyí tó so eruku pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, irun àti ìṣù á wá fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Tí a bá fi omi rin ín díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tó kù kò ní lè fò mọ́. Nítorí náà gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọjá, kẹ́ ẹ tó wá fi tútù tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi omi ṣáájú á rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: irun á tutù, á lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ilẹ̀, eruku á di ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá sì gbẹ, èékánná la ó fi ha á. Ìṣòro mọ́ọ̀pù olókùn gan-an nìyẹn. Lórí ilẹ̀ pákó, omi rẹ̀ tún ń wọ àárín pákó, pákó á sì wú.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Ẹ tì í wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí dé ògiri, ẹ yí i, ẹ fà á bọ̀ lápá kejì, ẹ má sì gbé e sókè láàárín. Tó bá jáde, ẹ máa rí ìlà eruku tó dì gbàǹgbà sí etí iwájú aṣọ náà bí okùn. Ẹ fi ọwọ́ ká a kúrò kẹ́ ẹ jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọn aṣọ náà nínú yàrá. Mo ti rí àwọn tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, tí wọ́n wá gbọn ọ́n lójú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Aṣọ rẹ̀ pé oríṣi méjì. Èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù ti gbilẹ̀ káàkiri ayé láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ti gbé Swiffer jáde ní 1999. Ó mọ́ tónítóní, kò sí fífọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán, ìdọ̀tí lẹ sì ń fi kún ìdọ̀tí. Èyí tí a ń fọ̀ ló pé jù. Ó kàn ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹ má fi ohun amáṣọrọ̀ fọ̀ ọ́, torí ó ń di ojú fọ́nrán náà pa, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ táwẹ̀lì tàbí aṣọ òwú, torí gbogbo fọ́nrán òwú tó ń já lára wọn ló máa kó sí i lára.

Fún abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí àlàfo rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kódà mọ́ọ̀pù yìí kò ní wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tẹ́ ẹ fi wọ rúlà gígùn, tẹ́ ẹ sì fi rọ́bà dì lọ́rùn, ló ń ṣe é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí mo mọ̀ tó ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Fákúùmù

Ní 1901, Hubert Cecil Booth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ kan tó tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á, ìta ilé ló máa ń dúró sí, wọ́n á sì na páìpù rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ lè gbé ni James Murray Spangler, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìmọ́tótó ilé ìtajà ńlá kan nílùú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ikọ́ fée ń bá a jà, eruku tí ìgbálẹ̀ ń gbé sókè sì ń dá a lágara. Ó gba ẹ̀tọ́ ìmọ̀-ọ̀nà ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1908. Ohun tó lé e débẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: kì í ṣe pé ìgbálẹ̀ kò kó ìdọ̀tí, pé ó ń gbé e sókè ni.

Ìyẹn ni pé asẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Afẹ́fẹ́ tí fákúùmù fà wọlé gbọ́dọ̀ jáde, tí asẹ́ rẹ̀ kò bá dára, ìṣù á dúró nínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tí ń múni sín á bá afẹ́fẹ́ jáde. HEPA ni orúkọ asẹ́ tó ń mú lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò lè rí. Èyí tó jẹ́ gidi, gẹ́gẹ́ bí òfin ìdíwọ̀n Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kéré tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Ọ̀rọ̀ bíi «irú HEPA» tàbí «bíi HEPA» lára páálí kò jẹ́ ẹ̀rí ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà wáàtì tàn yín jẹ. Wáàtì ń sọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kò sọ bó ṣe ń fà tó. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí fákúùmù ilé tuntun tí wọ́n ń gbé wá sí ọjà wọn kọjá 900 wáàtì láti 2017, àwọn ará ibẹ̀ kò sì torí ìyẹn padà sí ìgbálẹ̀.

Ní ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, pẹ̀lú ọrùn rẹ̀. Orí lè pẹlẹbẹ dáadáa, kí ọ̀pá má lè sùn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í wọlé, orí á gbé imú sókè, kò sì ní fa nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wò ó. Ohun mìíràn tí kì í hàn lórí páálí ni ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lórí ọ̀pá lè máa fẹ́ ìṣù sá lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní páìpù gígùn, tí ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn, kì í ní wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láti etí lọ sí inú, ẹ má ju orí rẹ̀ wọ àárín lẹ́ẹ̀kan náà.

Alápò dára ju aláìlápò lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ eruku, nítorí ẹ ó dí àpò lẹ́nu kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù. Aláìlápò kì í ní ìnáwó àpò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá da ike rẹ̀ lẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ fi ṣe pààrọ̀. Oníbátìrì rọrùn láti gbé, bátìrì rẹ̀ náà sì ń rẹ̀ lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ rí i dájú pé a lè pààrọ̀ rẹ̀. Irun gígùn á lọ́ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, sísọ́ọ̀sì lẹ máa fi gé e.

Rọ́bọ́ọ̀tì

Electrolux gbé Trilobite jáde ní 2001, Roomba ti ilé-iṣẹ́ iRobot tẹ̀ lé e ní 2002, láti ìgbà náà ló ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ga tó 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn tó ní ojú tó ń yí lórí, tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà, ló sábà máa ń ga jù. Ọ̀rọ̀ gíga tún dé nìyẹn: rọ́bọ́ọ̀tì tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àlàfo yín ló burú jù lọ, torí á fi ipá wọlé, á há, á sì máa ké pè yín láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì sílẹ̀ fún un.

Kò fa eruku tó fákúùmù ńlá. Ibi tó ti borí ni pé ó ń ṣe é lójoojúmọ́, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì gbàgbé. Ìṣù nílò ọjọ́ púpọ̀ kó tó ṣù, ẹ̀rọ tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í fún un láyè. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́kọ́ rán an lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá fún oṣù mẹ́fà. Ike rẹ̀ kéré, irun á sì di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pa kó tó dé àárín. Ẹ fi mọ́ọ̀pù kó ti àtijọ́ ná.

Òun ló wọ́n jù, ó sì ní kí ilẹ̀ yín wà létòlétò: wáyà ṣájà, ìbọ̀sẹ̀, etí kọ́tìnì tó ń wọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló máa gbé mì.

Dídí àlàfo tàbí gbígbé e sókè

Àwọn tó ń ṣe ìfiwéra kì í sábà ka èyí mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ nínú. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀ pátápátá kò ní abẹ́ tí eruku máa ṣù sí; pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú èyí tó ní ẹsẹ̀ á ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Fún bẹ́ẹ̀dì, gbígbé e sókè ni mo fẹ́, kí tìmùtìmù lè máa rí atẹ́gùn. Báàgì àti bàtà tí a kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń ba ohun gbogbo jẹ́, ìdí kọ̀ọ̀kan wọn á di ibùdó ìṣù tuntun. Bí kò bá sí ibòmíràn láti kó wọn sí, ẹ lo àpótí onítáyà tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ lè fà á jáde lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́, eruku tó ń fò ló ń mú. Èyí tó ti balẹ̀ sábẹ́ àga kò kàn án.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ táìlì tàbí pákó, tẹ́ ò sì ní ẹni tí eruku ń dà láàmú, mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ pẹ̀lú aṣọ microfibre mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣeé fọ̀ ti tó yín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé oníkápẹ́ẹ̀tì kò ní yíyàn púpọ̀: fákúùmù ni. Ilé tí ẹnì kan ti ní ikọ́ fée tàbí tí ara rẹ̀ kọ eruku náà, fákúùmù alápò tó ní HEPA gidi ni, kí aṣọ tútù sì tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ líle. Bó bá ṣeé ṣe, ẹlòmíràn ni kó máa ṣe iṣẹ́ yìí, kí aláìsàn kúrò nínú yàrá ná. Ẹ tún fi omi tó gbóná tó 60 lórí ìdíwọ̀n Celsius fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ló ń pa kòkòrò inú eruku. Omi tútù kàn ń fọ ìgbẹ́ wọn kúrò ni, púpọ̀ nínú wọn á yè é.

Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn, tí àlàfo rẹ̀ lé ní 10 sẹ̀ǹtímítà, tí owó sì wà, kó ra rọ́bọ́ọ̀tì. Kó fi mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kún un fún igun yàrá, torí ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ló rí roboto, igun kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ajá tàbí ológbò tí irun rẹ̀ ń re nílé náà á gbádùn rẹ̀, bó bá lè fara da gígé irun kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, tó máa ń kó kiri, tí kò fẹ́ ra ohunkóhun, kó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, kó rin ín, kó fi aṣọ tútù parí rẹ̀, kó sì wá rúlà àti ìbọ̀sẹ̀ tí èkejì rẹ̀ ti sọnù.